Ìránṣẹ́ Ni Wọ́n Kọ, Ẹrú Ni Wọ́n: Lórí Ibojì George Washington

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, inú kíláàsì ìtumọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀ ló sì kù kó dìjà.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tí wọ́n kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá yìí ń gbé ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà. Wọ́n mú àwọn ọmọ wọn lọ wo Mount Vernon ní ìpínlẹ̀ Virginia; odò Potomac nìkan ló là wọ́n láàárín níbẹ̀. Mount Vernon ni ilé àti oko George Washington, ẹni tó ṣáájú ogun òmìnira Amẹ́ríkà, tó sì jẹ ààrẹ wọn àkọ́kọ́ láti 1789 sí 1797. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ẹ̀gbọ́n wa ya fọ́tò òkúta mẹ́ta tí wọ́n kọ nǹkan sí lára, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí olùkọ́ wa. Olùkọ́ wa, tí wọn kì í jẹ́ kí nǹkan kan ṣòfò, sọ fọ́tò náà di iṣẹ́ àṣetiléwá: ẹ túmọ̀ ohun tó wà lára òkúta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí Yorùbá. Àpapọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà lára wọn kò kún ìdajì ojú ewé. A rò pé kí a tó jẹun alẹ́ tán, a ó ti parí ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko la lò.

Òkúta àkọ́kọ́ wà lókè ẹnu ọ̀nà ibojì Washington fúnra rẹ̀. Ohun tó sọ kò ju pé inú ọgbà yìí ni òkú Ọ̀gágun George Washington sinmi sí. Wọn ò tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó jẹ ààrẹ. Ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, kí ni wọ́n tún fẹ́ máa kọ jàn-ànràn-jan-anran sí? Àríyànjiyàn kékeré tó wà níbẹ̀ ni bóyá "ọ̀gágun" ni a ó pè é tàbí "balógun". Wéré la parí ìyẹn.

Òkúta kejì wà lábẹ́ igi, nínú igbó kékeré kan tí kò ju nǹkan bí yáàdì 50 sí ibojì Washington. Ọdún 1929 ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ni Mount Vernon tẹ́ ẹ síbẹ̀. Ó ní ìrántí ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́ aláwọ̀ dúdú ni òun, àwọn ìránṣẹ́ olóòótọ́ ti ẹbí Washington tí wọ́n sin síbẹ̀ láti 1760 sí 1860, tí a kò mọ ibojì èyí tó jẹ́ ti ẹnì kan pàtó nínú wọn. Òkúta kẹta wà nítòsí èyí. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1983 ni wọ́n gbé e kalẹ̀, òun ló sì pe nǹkan lórúkọ tó ń jẹ́: ó ní ìrántí àwọn ọmọ Áfíríkà ní Amẹ́ríkà ni òun, àwọn tí wọ́n sìn gẹ́gẹ́ bí ẹrú ní Mount Vernon.

Ìránṣẹ́ olóòótọ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀ báyìí ṣeré. Ìránṣẹ́ ni ẹni tí a rán níṣẹ́. Ọmọ ọba lè jẹ́ ìránṣẹ́, wòlíì lè jẹ́ ìránṣẹ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ wà lọ́dọ̀ ẹni, ṣùgbọ́n bó bá di ọdún, yóò di ẹrù rẹ̀ lọ kí àwọn òbí rẹ̀. Ìwọ̀fà ń sìn nítorí gbèsè. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó tán ló dòmìnira, àwọn ará ilé rẹ̀ sì mọ oko tí ó wà. Ẹrú yàtọ̀. Ẹrú ni ẹni tí a rà tàbí tí a kó lógun, tí òun àti ọmọ inú rẹ̀ jẹ́ ti olówó rẹ̀. Ẹlòmíì yóò ní àwọn ìlàrí Aláàfin ńkọ́, ṣebí ẹrú ni wọ́n, tí wọ́n sì ń jẹ́ iṣẹ́ ọba? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn àgbà léèrè ohun tí ìlàrí jẹ́, wọn ò ní fi bò fún yín pé ẹrú ààfin ni.

Nítorí náà, bí a bá kọ "ìránṣẹ́" fún òkúta 1929, Yorùbá tó bá kà á yóò rò pé àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ni, tí wọ́n ń gbowó oṣù, tí wọ́n sì lè kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Apá kan nínú wa ní kí á kọ "ẹrú" kí á sì máa lọ. Wọ́n ní òkúta ti parọ́, kò yẹ kí àwa náà gbé irọ́ náà káàkiri ní èdè wa. Apá kejì ní atúmọ̀ kì í ṣe adájọ́. Ohun tí ẹlòmíì bá kọ la ó túmọ̀, kì í ṣe ohun tó yẹ kó kọ. Ohùn lọ sókè. Ẹnì kan dìde jáde nínú kíláàsì, kò sì padà wá lọ́jọ́ náà.

Ohun tí a fẹnu kò sí níkẹyìn nìyí, òun náà la sì fẹ́ gbè lẹ́yìn níbí. Kí "ìránṣẹ́ olóòótọ́" wà nínú ìtumọ̀ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí ẹni tó bá kà á lè rí irọ́ náà kedere, kó sì mọ ọdún tí wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí àwa fúnra wa bá ń sọ̀rọ̀ Mount Vernon, ẹrú ni a ó máa sọ. A sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìrántí Washington lójú ibojì rẹ̀ kò tíì ṣe é tán bí kò bá rin yáàdì 50 yẹn dé inú igbó.

Kí ló mú wa fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀? Nígbà tí a kò lè parí ìtumọ̀, ìtàn la lọ kà.

Ọmọ ọdún 11 ni Washington nígbà tí bàbá rẹ̀ kú ní 1743. Nínú ogún tó kàn án, ẹrú 10 wà níbẹ̀. Nígbà tí òun náà yóò fi kú ní 1799, ẹrú 317 ló wà ní Mount Vernon. 123 nínú wọn jẹ́ tirẹ̀. 153 jẹ́ ti ogún ọkọ àkọ́kọ́ tí Martha ìyàwó rẹ̀ fẹ́, tó kú kí obìnrin náà tó fẹ́ Washington. Èyí tó kù, púpọ̀ jùlọ nínú wọn, ó háyà wọn lọ́wọ́ ẹlòmíì ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ìṣirò yìí, a ṣì ń padà bọ̀ wá sórí rẹ̀.

Ní ti "olóòótọ́", a ó kàn dárúkọ ènìyàn méjì. Ona Judge ni ọmọbìnrin tó ń bá Martha Washington wọṣọ. Ní 1796, nígbà tí Washington wà lórí oyè ní Philadelphia, ó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi òun ta ọmọ-ọmọ Martha lọ́rẹ ìgbéyàwó. Bí wọ́n ti ń jẹun alẹ́ lọ́wọ́, ó jáde kúrò nínú ilé, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí New Hampshire. Washington rán ènìyàn tọ̀ ọ́ lọ, kò padà. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló kú sí ní 1848. Ẹnì kejì ni Hercules, alásè tí àwọn àlejò ààrẹ ń yìn fún ọwọ́ rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1797, ọjọ́ tí Washington pé ọdún 65 gan-an, ni Hercules sá kúrò ní Mount Vernon. Ó fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni àwọn méjèèjì yìí dalẹ̀? Bí wọ́n bá ní àwọn tó kù nínú ilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn tó sá lọ kì í ṣe olóòótọ́. Òkúta náà ń yin ẹni tí kò rí ọ̀nà sá.

Kí ẹ má baà rò pé a wá láti bú òkú: ìwé ìhágún tí Washington fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní oṣù keje ọdún 1799 jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe. Ó ní kí wọ́n dá gbogbo ẹrú tó jẹ́ tòun sílẹ̀ bí Martha bá kú. Ó ní kí wọ́n máa bọ́ àwọn arúgbó inú wọn, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ aláìlóbìí ní ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. William Lee, tó gun ẹṣin tẹ̀ lé e jálẹ̀ ogun òmìnira, ló ní kí wọ́n dá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú owó 30 dọ́là lọ́dọọdún. Martha kò dúró dìgbà tí òun yóò kú. Ó dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1801. (Bí ẹ bá rò ó, obìnrin náà ń gbé láàárín àwọn ènìyàn tí ikú tirẹ̀ nìkan ló dínà òmìnira wọn. Ta ni yóò lè sùn?) Ẹ fi Thomas Jefferson wé e: ó ní ju ẹrú 600 lọ láyé rẹ̀, àwọn tó dá sílẹ̀ nínú wọn kò tó nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹ padà sórí ìṣirò wa. Òfin kò fún Washington láyè láti dá àwọn 153 tó jẹ́ ti ogún ọkọ àkọ́kọ́ Martha sílẹ̀, Martha náà kò sì ní àṣẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjì oríṣi yìí ti bá ara wọn ṣe ọkọ àti aya fún ọdún pípẹ́, wọ́n ti bímọ. Nítorí náà bàbá lè dòmìnira kí ìyá àti ọmọ ṣì wà lẹ́rú. Nígbà tí Martha kú ní 1802, wọ́n pín àwọn 153 fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pín ṣíbí àti abọ́. Bushrod, ọmọ àbúrò Washington tó jogún ilé náà, kó ẹrú tirẹ̀ wá síbẹ̀. Ní 1821 ó ta 54 nínú wọn lọ sí Louisiana.

Ọjọ́ ikú gan-an wà nínú àkọsílẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kejìlá ọdún 1799 ni. Ọ̀nà ọ̀fun ló dí i. Lórí ìdúró ni Christopher Sheels wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ náà, ẹrú tó ń tọ́jú aṣọ rẹ̀ ni. Caroline, Molly àti Charlotte, ẹrúbìnrin mẹ́ta, wà nínú yàrá náà. Ní ọjọ́ ìsìnkú, ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ikú rẹ̀, Cyrus àti Wilson ló fa ẹṣin rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gùn, ẹrú ni àwọn náà. Ìwé ìhágún rẹ̀ ti sọ pé kí wọ́n má ṣe ayẹyẹ kankan, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ìsọ̀rọ̀ òkú. Ta ló gbọ́ tirẹ̀? Àwọn sójà wá, ìbọn dún lórí odò. Káàkiri Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń gbé pósí òfìfo kiri, tí wọ́n ń sin ín láìrí òkú rẹ̀. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin wọn ya ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1800 sọ́tọ̀ fún ọ̀fọ̀.

Kò tán síbẹ̀. Àwọn aṣòfin bẹ Martha pé kó jẹ́ kí àwọn gbé òkú ọkọ rẹ̀ wá sí ilé ìgbìmọ̀ tuntun tí wọ́n ń kọ́ ní Washington, D.C. Ó gbà. Wọ́n sì kọ́ yàrá òkú sí abẹ́ ilé náà. Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tó di 1832, tí ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí i, wọ́n tún béèrè òkú náà. Ẹbí tó wà nílé nígbà náà kọ̀ jálẹ̀, nítorí ìwé ìhágún ti sọ ibi tí wọ́n ní láti sin ín sí. Yàrá yẹn ṣófo títí di òní olónìí. Ní Mount Vernon gan-an, ibojì àtijọ́ ti ń ya lulẹ̀. Ní 1830 ẹnì kan wọ inú rẹ̀ lọ jí agbárí, agbárí ẹlòmíì ló sì gbé. Ọdún 1831 ni wọ́n tó kó àwọn òkú sí ibojì bíríkì tuntun tí Washington ti ní kí wọ́n kọ́. Ní 1837 wọ́n gbé e sínú pósí òkúta mábù, ibẹ̀ ló wà di báyìí.

Ìdí tí a fi sọ gbogbo èyí ni pé fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, orílẹ̀-èdè kan ń jà lórí òkú ẹnì kan ṣoṣo. Láàárín àkókò kan náà, wọ́n ń sin ènìyàn sí inú igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láìkọ orúkọ kankan. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹrú kú, ìyá ẹ̀ ò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá ẹ̀. A ti kọ́ òwe yìí láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ti fi dáhùn ìbéèrè ìdánwò. A kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni lè lọ rí i lójúkojú, pẹ̀lú ìwọ̀n yáàdì, lórí òkè kan létí odò Potomac.

Ẹni tí òwe yẹn bá mu jù lọ nínú gbogbo ohun tí a kà ni Sambo Anderson. Káfíńtà ni ní Mount Vernon. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti bí i. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ilà wà lójú rẹ̀, yẹtí wúrà wà létí rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé ọmọ ọba ni òun. Kò sí irọ́ tí a fẹ́ pa níbí: nígbà tí a dé orí ọ̀rọ̀ ilà ojú, kíláàsì dìde. Àwa tí a ń ṣe kọ́ọ̀sì lórí pélé, àbàjà àti gọ̀ǹbọ́! Ẹnì kan ti fẹ́ fi í ṣe ará Ọ̀yọ́ kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá. Olùkọ́ wa ní kí ó jókòó. Kò sẹ́ni tó kọ irú ilà tí ó jẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Senegambia àti ilẹ̀ Ìgbò ni ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n kó lọ sí Virginia ti wá, kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń kọlà. A kò ní ẹ̀tọ́ láti gbé orúkọ ìlú wa lé e lórí nítorí pé ó wù wá. Ìyá kan wà níbìkan ní Áfíríkà tó bí i, tó mọ orúkọ tó sọ ọ́, tí kò sì gbọ́ ibi tó sùn sí. Ìyẹn tó.

Anderson wà nínú àwọn 123 náà. Lẹ́yìn tó dòmìnira, ó ń ṣọdẹ, ó ń ta ẹran ìgbẹ́, ó sì ń ra àwọn ẹbí rẹ̀ sílẹ̀ lóko ẹrú. Ní 1835, ìwé ìròyìn Alexandria Gazette gbé e jáde pé àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 11 wà nídìí iṣẹ́ ní ibojì Washington, wọ́n ń tẹ́ ilẹ̀, wọ́n ń gbin koríko yí i ká, láìgba owó. Àwọn tí Washington dá sílẹ̀ àti àwọn ọmọ irú wọn ni. Anderson wà lára wọn.

Kí ni a fẹ́ ti rí èyí sí? Ó ṣòro fún wa ju ọ̀rọ̀ "ìránṣẹ́" lọ. Washington kò bímọ. Wọ́n ń pè é ní bàbá orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó jáde láti ara rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ọmọ ló ń sin òbí, ọmọ ló ń tún ojú oórì ṣe. Ẹ wá wo àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ọmọ! Àwọn kan nínú wa ní ìmoore ni, kí a má sì fi ẹnu wa gba á lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó dá ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe é, ó tọ́ kí wọ́n rántí rẹ̀. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ funfun ló kọ ọ́, ohun tó dùn mọ́ wọn nínú ni wọ́n kọ. Èrò tí a ń fara mọ́ nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò lè fi ẹ̀rí gbè é lẹ́yìn: ẹni tó ń gbin koríko níbi ibojì Washington ń wo igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ kan náà. Ìyá wọn, ọmọ wọn, ẹgbẹ́ wọn wà níbẹ̀. Ibojì Washington nìkan ni ìwé ìròyìn lè rí. Ta ló sọ pé òun nìkan ni àwọn náà wá kí?

Ọ̀rọ̀ òkúta 1983 ló dùn mọ́ wa jù, nítorí pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló wà nídìí rẹ̀. Igbó ti bo òkúta 1929 mọ́lẹ̀, àwọn àlejò ń kọjá lọ láìmọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ní 1982 akọ̀ròyìn obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, Dorothy Gilliam, fi ìbínú kọ nípa rẹ̀ nínú Washington Post. Ariwo ta, lọ́tẹ̀ yìí nítorí ẹrú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ní Yunifásítì Howard ló ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ́ síbẹ̀: bíríkì tí wọ́n tò ní òbìrí mẹ́ta, ọ̀kan nínú èkejì, tí wọ́n kọ ìgbàgbọ́, ìrètí àti ìfẹ́ sí, àti òpó òkúta líle kan ní àárín tí wọ́n gé lórí, bí ẹ̀mí tí wọ́n gé kúrú. Ọmọ ogún ọdún lé díẹ̀ ni irú wọn. Iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wà lójú ilẹ̀, wọ́n ń fi òdòdó sí i. Tiwa wà nínú fáìlì olùkọ́.

Láti 2014 ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń ṣiṣẹ́ nínú igbó yẹn. Wọn kì í tú òkú. Ilẹ̀ òkè nìkan ni wọ́n ń rọra ha kúrò, títí àwọ̀ ilẹ̀ yóò fi hàn wọ́n pé wọ́n ti gbẹ́ ibojì síbẹ̀ rí. Wọn yóò ṣàmì rẹ̀, wọn yóò sì dá ilẹ̀ padà. Ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn ni púpọ̀ nínú àwọn ibojì náà dojú kọ. Àwọn kan ń sọ pé wọ́n kọjú sí Áfíríkà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Kristẹni ń sin òkú wọn. Ohun tó wú wa lórí ni pé ẹnì kan ti ń kà wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe "ọ̀pọ̀ ìránṣẹ́" mọ́.

Nígbà tí a dé ibí, ẹnì kan bi wá léèrè ohun tí ẹ̀yin náà ti ń rò: kí ló kàn wá? Àwa tí a ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà, Ìyálóde Ìbàdàn tó kú ní 1874, tó ní ẹrú lóko lọ́pọ̀ yanturu? Gbogbo wa la ti ka eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, a mọ ohun tí wọ́n fi ojú ẹrú rí nínú rẹ̀. Àwa tí a ní Madam Tinúbú, tí ibojì rẹ̀ wà ní Abẹ́òkúta, tí gbàgede rẹ̀ wà ní Èkó, tó ta ẹrú kó tó di ẹni tí à ń yìn? A mọ ibi tí Tinúbú sùn sí. Ẹrú rẹ̀ kan ṣoṣo, ta ló lè júwe ibi tí ó sùn sí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìbéèrè náà gún wa, ó sì tọ́ kó gún wa. Ṣùgbọ́n kò sọ òkúta 1929 di òótọ́. Bó bá ṣe ohunkóhun, ó ń sọ fún wa pé àwọn obìnrin Mount Vernon, pẹ̀lú irọ́ wọn, tẹ́ òkúta kan sílẹ̀ ní 1929. Tiwa dà?

Àwọn tó ní kí wọ́n wó ohun gbogbo dànù, kí wọ́n má ṣe ìrántí Washington mọ́, a kò sí lẹ́yìn wọn. Irú ìjọba ààrẹ tí àwa náà ń lò láti 1979, ọ̀dọ̀ wọn la ti kọ́ ọ. Ẹni tó lè dúró lórí oyè títí ayé rẹ̀, tó sì fi í sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní Áfíríkà, ẹ mọ iye tí ìyẹn tó. Kí wọ́n máa fi òdòdó sí ibojì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí amọ̀nà tó bá kó àlejò dé ibẹ̀ má jẹ́ kí wọ́n padà láìdé inú igbó, kí wọ́n má sì gbàgbé láti dárúkọ: William Lee, Christopher Sheels, Caroline, Molly, Charlotte, Cyrus, Wilson, Sambo Anderson. Ona Judge àti Hercules kò sí nínú ilẹ̀ yẹn. Kí wọ́n dárúkọ àwọn náà, kí wọ́n sì sọ ìdí tí wọn kò fi sí níbẹ̀.

A fi ìtumọ̀ wa sílẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Máàkì wa kò burú. Ibi tí olùkọ́ wa ti gé jù ni òkúta kẹta, nítorí pé ìdajì kíláàsì kò fi àmì sórí ọ̀rọ̀-ìṣe. "Àwọn tí wọ́n sìn" ló yẹ kó jẹ́, "àwọn tí wọ́n sin" ni a kọ. Wọ́n fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé wa: *Ta ni wọ́n sin?* A rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jáde nínú kíláàsì lọ́jọ́ kìíní ló dáhùn, ó ní wọ́n sin Washington, wọ́n sì sin ara wọn.